Ọmọ Apẹja Tó Lọ Wọn Afẹ́fẹ́ Nílẹ̀ Òtútù

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò, mo ti dé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀ nípa ohun tí mo lọ ṣe ní Jámánì. Àwọn kan ní mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe gáàsì ìdáná, pé tí mo bá ti dé, gáàsì yóò di ọ̀fẹ́ láti Ajangbádì dé Igbó-Elérin. Àwọn mìíràn ní mo fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, mo wọ bàálù, mo lọ kàwé nípa ọ̀rá tí wọ́n fi ń di gàrí. Kí n má purọ́, àwọn tó sọ ti ọ̀rá yìí ló sún mọ́ òtítọ́ jù.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ẹ mú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹ fi kọ́ sára òṣùwọ̀n nínú ìkòkò irin, ẹ dé ìkòkò náà pa, kí ẹ wá máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi fún mọ́ra bí èrò inú mólùẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀rá bí eruku ṣe ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Díẹ̀ yóò wọ inú ọ̀rá gan-an, yóò yòrò síbẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yòrò sínú ọbẹ̀. Báwo ni èyí tó lẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Báwo ni èyí tó wọlé ṣe pọ̀ tó? Ìbéèrè náà nìyẹn. Àwọn tó ń fi ọ̀rá di oúnjẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ráyè wọlé ni oúnjẹ ti ń bàjẹ́. Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n, nítorí pé olùkọ́ yunifásítì ni mí, ọ̀gá mi sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹni tí kò bá gba oyè dókítà yóò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ní in.

Bàbá mi, tí wọ́n ń pẹja ní ọ̀sà Ọ̀jọ́ láti kékeré, ń tún àwọ̀n wọn ṣe lọ́jọ́ tí mo lọ sọ fún wọn.

"Kí lo ní o fẹ́ lọ ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ wọn afẹ́fẹ́ ni, Bàbá."

Wọ́n fi àwọ̀n sílẹ̀. "Ṣé kò sí afẹ́fẹ́ ní Ọ̀jọ́ ni?"

"Ó wà, sà. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni kò sí."

"Kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n wá síbí nígbà náà. Tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n súre fún mi. Ṣadé ìyàwó mi pọn Mojí, ọmọbìnrin wa, sẹ́yìn. Ọmọ náà ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Ó ń sùn nígbà tí mo ń lọ, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé ó dáa bẹ́ẹ̀, kò ní sunkún. Èmi tí mi ò sùn ni mo sun ún.

*Kẹ̀kẹ́ ló wá pàdé mi*

Mo ti rán kóòtù lọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Ajangbádì. Télọ̀ náà fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí òtútù tí kóòtù yẹn ò lè lé. Èmi àti òun, kò sí ẹni tó rí òtútù rí nínú wa. Ọyẹ́ la mọ̀. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ìlú kékeré tí mò ń lọ, afẹ́fẹ́ kan gba ọwọ́ kóòtù wọlé, ó yẹ ikùn mi wò, ó gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò jáde. Mo ní, "Afẹ́fẹ́ tí mo wá wọ̀n nìyí. Òun ló kọ́kọ́ ń wọ̀n mí."

Mo dúró, mo na ọrùn bí ẹni ńlá, mò ń retí mọ́tò yunifásítì. Ní Ọ̀jọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba báàgì lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò tó ti ṣá ló yọ sí mi, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere bọ̀.

"Ìwọ ni Túnjí?"

Mo bojú wẹ̀yìn, bóyá Túnjí mìíràn wà níbẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Túnjí ni mí."

"Ó dáa. Èmi ni Ùté. Yàrá iṣẹ́ kan náà la jọ máa wà." Ó gba àpótí mi, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ. Mò ń tẹ̀ lé àpótí mi gba àárín ìlú kọjá bí ẹni tó ń sin òkú ara rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́ èdè wọn díẹ̀, mo rí i pé àwọn náà ní "ẹ" àti "ìwọ" bíi tiwa. Ìyẹn ló wá dùn mí jù. Ùté mọ "ẹ", ó sì fojú rere wò mí, ó pè mí ní "ìwọ". Mo fi ọgbọ́n bi í nípa rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ó ní, "Àwọn àjèjì la máa ń pè ní 'ẹ', àti àwọn àgbà tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa. Ṣé o fẹ́ kí n sọ ẹ́ di àjèjì ni?"

Ohun tí mo fẹ́ ni kó sọ mí di àgbà láìsọ mí di àjèjì, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ fún ìyẹn lédè wọn.

*Ìwà àti oúnjẹ*

Ilé opó kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Késílà ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ní ológbò kan, wọ́n sì ń pè mí ní "ẹ", torí náà mo fẹ́ràn wọn gan-an.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kí gbogbo ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa, bóyá àlàáfíà ni ará ilé wà. Ọkùnrin kan rọra ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Obìnrin kan gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Mo dé yàrá iṣẹ́, mo ti pinnu pé mi ò ní kí ẹnikẹ́ni mọ́. Níbẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó ti ìlú òkèèrè dé, tí wọ́n sì ń wò mí pé irú ọkùnrin wo nìyí tí kò mọ ìkíni.

Wọ́n ní iná pupa fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn pàápàá. Lọ́jọ́ kan, ó tàn sí mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì: kò sí mọ́tò, kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí ajá. Èmi tí mo ti sá kọjá títì Àgbádárìgì lójú ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì, mo kọjá. Ìyá arúgbó kan tó dúró ní òdìkejì na ọ̀pá sí mi.

"Ẹ̀yin ọ̀gbẹ́ni! Àwọn ọmọdé ń wò yín!"

Ọmọdé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ń sùn nínú kẹ̀kẹ́ ìkókó. Síbẹ̀ ojú tì mí. Mo yí padà, mo sáré lọ síbi tí mo ti ń bọ̀. Iná ṣì pupa. Ìyá náà figbe ta lẹ́ẹ̀kejì, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó tù mí nínú ni pé wọ́n pè mí ní "ẹ".

Ti oúnjẹ, mo fẹ́ kí ẹ bá mi káàánú díẹ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́, Ìyáàfin Késílà gbé búrẹ́dì dúdú tútù wá, pẹ̀lú wàràkàṣì tútù àti kùkúńbà tó kan bí ọ̀rọ̀ àna. Mo jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo wá ká ọwọ́ pọ̀ sórí tábìlì, mò ń dúró de oúnjẹ. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń gbà, làwọn náà bá ká ọwọ́ pọ̀, wọ́n di ojú. A jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ́. Èmi ni mo ṣe àmín, nígbà tí mo rí i pé kò sí nǹkan mìíràn tó ń bọ̀.

*Irú inú wọ́dúróòbù*

Ṣadé ti mọ̀ pé oúnjẹ máa yọ mí lẹ́nu. Ó di irú sínú ọ̀rá, ó fi ọ̀rá kejì bò ó, ó fi ẹ̀kẹta bo gbogbo rẹ̀, ó so ó pinpin. Mo tì í sí ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù mi, mò ń fi pamọ́ de ọjọ́ tí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́.

Kò pẹ́ tí Ìyáàfin Késílà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé. Wọ́n fọ báluwẹ̀. Wọ́n lé ológbò síta nínú òtútù. Òórùn náà kò lọ. Wọ́n wá sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba àwọn, pé páìpù gáàsì ìdáná ló ń jò, kí n má ṣe tan ṣìgá. Mi ò mu ṣìgá rí láyé mi. Èmi náà bẹ̀rù. Mo ṣí fèrèsé. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé irú ni. Imú tó ti mọ nǹkan láti kékeré kì í kà á sí òórùn.

Wọ́n pe ọkùnrin tó ń yẹ gáàsì wò. Ó dé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan, ó ń gbé e ká ilé. Ẹ̀rọ ò dún. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sún mọ́ yàrá mi ni ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó dúró níwájú wọ́dúróòbù mi, ó bi mí bóyá òun lè ṣí i. Ó ṣí i. Ó ṣí sẹ́yìn.

"Kí nìyí?"

"Oúnjẹ ni."

Ó rọra gbé e sókè. "Ìgbà wo ló ti kú?"

Ìyáàfin Késílà lọ gba ológbò wọlé, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn ti dì.

Ùté gbọ́ ọ, ó sọ ọ́ ní yàrá iṣẹ́, ó sì dé etí Ọ̀jọ̀gbọ́n Brándì, tó ń darí iṣẹ́ mi. Bàbá gbọọrọ ni wọ́n, wọn kì í yára sọ̀rọ̀. Wọ́n pè mí.

"Ọ̀rá mélòó ni ìyàwó rẹ fi dì í?"

"Mẹ́ta, sà."

"Ṣé ihò wà lára wọn?"

"Rárá o, sà. Ọ̀rá tuntun ni."

"Báwo ni òórùn náà ṣe wá jáde?"

Ohun tí mo gun bàálù wá kọ́ ni wọ́n ń bi mí yẹn. Mo wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pé òórùn náà á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀rá láti inú, á yòrò wọ ara ọ̀rá, á máa rìn lọ láàárín rẹ̀ láìsí ihò kankan, títí á fi yọ ní òdìkejì.

"Ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Wọn ò lè dá a dúró, sà. Wọ́n kàn lè fà á sẹ́yìn ni."

Wọ́n mi orí. "Ìyàwó rẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kó o tó dé. Ìwọ náà lọ bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí mo délé, Ìyáàfin Késílà ti gbé ìgò gíláàsì kan kalẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ọmọrí tó le. Wọ́n ní gíláàsì kì í jẹ́ kí òórùn gba inú rẹ̀ kọjá. Mo se ọbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n tọ́ ọ, wọ́n tún tọ́ ọ. Wọ́n ní ó jọ wàràkàṣì kan tí ọkọ àwọn fẹ́ràn kó tó kú, tí gbogbo àdúgbò fi ń bínú sí i. Wọ́n nu omijé díẹ̀, wọ́n wá fi búrẹ́dì nu àwo.

*Mo rí ohun tí ẹnì kan ò rí rí*

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìtìjú gidi.

Afẹ́fẹ́ tí mo kọ́kọ́ lò ni náítírójìn, èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí sínú. Mo fi ọ̀rá kọ́ sára òṣùwọ̀n, mo dé ìkòkò, mo tú afẹ́fẹ́ sí i. Ohun tí gbogbo ìwé sọ ni pé tí afẹ́fẹ́ bá wọ ọ̀rá, ọ̀rá á wúwo sí i. Tèmi ò wúwo. Bí mo ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ ìkòkò, ńṣe ni ọ̀rá ń fúyẹ́. Mo fi kún un, ó tún fúyẹ́ sí i. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀.

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ò wọlé. Ńṣe ló ń fún ara ọ̀rá bí ẹni fún aṣọ, ohun tó wà nínú ọ̀rá ló ń fún jáde!" Mo wo Ùté lẹ́yìn ẹ̀rọ tirẹ̀, mo káàánú rẹ̀. Mi ò sọ fún un, kí ó má bàa jí i. Mo lọ sílé, mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Ṣadé ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀. Mo ń gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, mo ń fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Mo ní, "Ìyá Mojí, Ọlọ́run ti ṣe é. Mo ti rí ohun tí ẹnì kan ò rí rí láyé. Sọ fún Bàbá. Sọ fún gbogbo wọn." Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń padà sílé bá mi mú un lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì ti lọ tán kí n tó wá dúró níwájú gbogbo ará yàrá iṣẹ́ wa láti ṣàlàyé. Mo wọ kóòtù Ajangbádì. Mo sọ̀rọ̀, mo ya àwòrán, mo fi ìka tẹ pátákó. Nígbà tí mo parí, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Mo rò pé ẹnu ló yà wọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Brándì yọ gíláàsì ojú wọn. "Túnjí, o sọ fún mi pé apẹja ni bàbá rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé wọ́n máa ń fi òkúta dá ọkọ̀ dúró?"

"Wọ́n ń fi í ṣe ìdákọ̀ró, sà."

"Tí wọ́n bá ń fà á sókè, ìgbà wo ló wúwo jù? Nígbà tó wà nínú omi ni, àbí nígbà tó bá yọ sójú omi?"

Èmi náà ti fà á rí, lọ́pọ̀ ìgbà, nínú ọkọ̀ bàbá mi. "Nígbà tó bá yọ, sà."

"Kí nìdí?"

"Torí pé... nínú omi, omi ń... Omi ń gbé e, sà."

Wọ́n dá gíláàsì wọn padà sójú. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán mọ́. Ó ti ki. Ó ń gbé ọ̀rá sókè nínú ìkòkò bí omi ọ̀sà ṣe ń gbé òkúta. Náítírójìn tó sì wọ inú ọ̀rá kéré, kò tó èyí tó ń gbé e. Ọ̀rá mi ò sọ nǹkan kan nù. Èmi ni mo sọ ọgbọ́n nù. Ọmọ Ọ̀jọ́, tí wọ́n bí sétí omi, tó mọ ìwẹ̀ kó tó mọ ìwé, gun bàálù dé Jámánì kí ọkùnrin kan tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí tó rán an létí pé omi ń gbé nǹkan.

Mo gba ohùn mìíràn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo ní kí Ṣadé bá mi sọ fún wọn pé kò sí àwárí kankan. Mo dúró títí èsì fi dé. Mo gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mo gbọ́ Mojí tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀.

Ṣadé ní, "Bàbá Mojí, a gbọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ìjọ wa ní Ìbà ti ṣe ìdúpẹ́. Bàbá yín wá, wọ́n jó dé iwájú pẹpẹ. Wọ́n ti sọ fún gbogbo apẹja pé ọmọ àwọn rí afẹ́fẹ́ tó ń jalè lára ọ̀rá. Mi ò lè lọ gba ọpẹ́ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run o. Ẹ yáa bá wa wá nǹkan mìíràn tó máa dípò ẹ̀."

*Sùúrù*

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ùté kọ́ mi láti kọ́kọ́ lo hílíọ̀mù, afẹ́fẹ́ kan tó jẹ́ pé díẹ̀ kíún rẹ̀ ló ń wọ inú ọ̀rá. Níwọ̀n bí èyí tó wọlé kò ti tó nǹkan, gbígbé tó bá gbé ọ̀rá sókè ló máa hàn. Láti ibẹ̀ la ti ń mọ bí ọ̀rá ṣe tóbi tó, tí a ó sì mọ ohun tí a ó fi kún òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni mo tó lo afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, tó ń wọ ọ̀rá dáadáa. Òun náà tún ní wàhálà tirẹ̀: bó ṣe ń wọlé ni ọ̀rá ń wú, bí ọ̀rá sì ṣe ń wú ni gbígbé rẹ̀ ń yí padà. Gbogbo rẹ̀ la gbọ́dọ̀ rò mọ́ ọn.

Ohun tó le jù níbẹ̀ ni ìdúró. Afẹ́fẹ́ kì í kánjú wọ ọ̀rá. Tẹ́ ẹ bá ka òṣùwọ̀n kó tó wọlé tán, irọ́ lẹ kà. Èmi kò sì lè dúró. Mò ń fìka kan ìkòkò, mò ń bá a sọ̀rọ̀. Ùté gbé àga kan síta, ó ní, "Jókòó síbí. Tí o bá wọlé kí n tó pè ẹ́, màá ti ilẹ̀kùn."

Ìyáàfin Késílà gbọ́, wọ́n fún mi ní òwú àti abẹ́rẹ́ gbọọrọ, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń hun nǹkan. Yìnyín ń bọ́ níta, olùkọ́ yunifásítì ń hun fìlà fún ọmọ rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kí mi bí wọ́n ṣe ń kọjá, wọ́n sì ń sáré lọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń dá híhun dúró, fìlà náà sì gba orí èmi àti ti ológbò pọ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ti ń sún mọ́lé nígbà tí iye tó ń jáde bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gba. Mo ṣe é, mo tún un ṣe, ohun kan náà ló ń sọ. Mo lè ya èyí tó lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀rá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wọ inú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Brándì wá, wọ́n wo iṣẹ́ náà títí, wọ́n ní, "Kò burú," wọ́n bá tiwọn lọ.

Inú mi bàjẹ́. Mo ní, "Lẹ́yìn gbogbo ìyà yìí, kò burú?"

Ùté gbá mi lẹ́jìká. "Ọdún mélòó ni mo ti wà níbí! Wọn ò tíì sọ ọ́ fún mi rí."

Bí mo ṣe gba oyè dókítà nìyẹn, nígbà tí ọdún kẹta pé. Àṣà wọn ni pé àwọn ẹgbẹ́ ẹni ló ń ṣe fìlà páálí fún dókítà tuntun, wọ́n á sì kó ìtìjú rẹ̀ sórí rẹ̀. Ùté fi ọkọ̀ ojú omi kékeré sórí tèmi, ó fi ọkùnrin dúdú kan sínú rẹ̀, ọkùnrin náà ń fa òkúta jáde, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ òkúta pé kí ló dé tó fi wúwo. Mo dé e rìn yí ìlú ká. Mo dúró níbi iná pupa pẹ̀lú rẹ̀ lórí.

*Àlejò*

Èmi tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ àjèjì ní Jámánì, mo rò pé mo ti bọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí mo dé Okokomáíkò. Ṣadé sáré pàdé mi. Ọmọ kan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, irun rẹ̀ dì dáadáa. Ó dúró, ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Mo gbé e. Ó bú sẹ́kún, ó na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Mojí, èmi ni Dádì rẹ."

Ó wò mí dáadáa, kò bínú. Ó nàka sí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó wà lórí tábìlì. "Dádì mi wà nínú ibẹ̀ yẹn."

Ṣadé yí ojú sí ògiri. Nígbà tí a jókòó sídìí oúnjẹ, tí mò ń gbádùn ara mi bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, Mojí sọ sí ìyá rẹ̀ létí, ó rò pé mi ò gbọ́: "Mọ́mì, ìgbà wo ni àlejò máa lọ?"

Mo gbé àwo sílẹ̀, mo fẹ́ dìde lọ bá a. Bàbá mi, tí wọ́n ti jókòó sí ìloro, ní, "Fi í sílẹ̀. Má lé e." Mi ò lé e. Mo gbé ìjókòó mi jìnnà díẹ̀, mò ń ṣe bí ẹni tí kò wò ó, ó ń gba ẹ̀yìn àga wò mí. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, "Ẹ káàárọ̀, sà" lórí "Ẹ káàárọ̀, sà." Mo ti gba oyè tí mo lọ gbà, kò sẹ́ni tó lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, mo sì ń jí láràárọ̀, mò ń bẹ̀rù ìkíni ọmọ kékeré.

Ó di ọjọ́ Àìkú. Bàbá Aládùúrà tó ń darí ìjọ Ṣadé tẹ̀ lé òun àti Mojí wá láti Ìbà lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú sútánà wọn tó funfun báláú. Wọ́n fẹ́ gbọ́ nípa àwárí tí àwọn dúpẹ́ lé lórí. Mo sọ òtítọ́ fún wọn, látorí òkúta dé orí fìlà páálí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú nǹkan yìí ò tíì yé àwọn. Báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe lè wọ inú nǹkan kí a má rí i?

Ṣadé ti gbé mineral olómi-ọsàn wá fún wọn. Mo mú ìgò kan. Mo ní, "Ẹ wò ó, sà. Afẹ́fẹ́ wà nínú omi yìí, wọ́n fún un mọ́ ọn ni. Ṣé ẹ rí i? Ẹ ò rí i." Mo mi ìgò náà díẹ̀. "Tí mo bá wá rọra ṣí i, yóò máa jáde ní..."

Kò rọra jáde. Ọmọrí fò lọ, omi ọsàn gbéra nílẹ̀, ó gba àyà Bàbá Aládùúrà, ó gba irùngbọ̀n wọn, ó sọ sútánà di aláràbarà láti ọrùn dé orókún. Bàbá mi fi ọwọ́ bo ojú. Mo di ìgò mú lọ́wọ́, dókítà tuntun, omi ń kán sórí bàtà mi.

Ẹ̀rín kan bú jáde lẹ́yìn àga. Mojí ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó dìde, ó sáré wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orókún mi mú, ó ń fà á.

"Dádì! Dádì, ẹ tún un ṣe!"

Mo ń wo Ṣadé, Ṣadé ń wò mí. Bàbá Aládùúrà nu ojú wọn, wọ́n wo aṣọ wọn, wọ́n wo ọmọ tó so mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

"Kí lò ń wò?" ni wọ́n wí. "Ṣé o ò gbọ́ ohun tó ní kó o ṣe ni?" Wọ́n na ìgò kejì sí mi.